Orúkọ Wo Ni A Ó Sọ Ọdún Tuntun?

Bí a ti ń kí ara wa ní ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run, tí a ń bọ ara wa lọ́wọ́, mo fẹ́ kí a jókòó díẹ̀, kí a ronú papọ̀ lórí ọdún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ yìí, kì í ṣe lórí ti ilé wa nìkan, bí kò ṣe lórí ti gbogbo ayé.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní, ohun mẹ́ta ni Ìjọ Mímọ́ ń ṣe papọ̀. Èkínní, ó ń ṣe àjọ̀dún Màríà Wúndíá, Ìyá Ọlọ́run. Èkejì, ó ń rántí ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, nígbà tí a kọ Ọ́ ní ilà, tí a sì sọ Ọ́ ní Jésù. Ẹ̀kẹta, láti ọdún 1968 tí Póòpù Pọ́ọ̀lù Kẹfà ti dá ètò náà sílẹ̀, ó ń gbàdúrà fún àlàáfíà ní gbogbo ayé. Lójú ẹni tí kò ronú jinlẹ̀, ó lè dàbí ẹni pé nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí kò bá ara wọn tan. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáradára, a ó rí i pé okùn kan ṣoṣo ni ó so wọ́n pọ̀.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ

Àwa ọmọ Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣe àlàyé ọjọ́ kẹjọ fún wa. Ọjọ́ kẹjọ ni ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Àwọn àgbà a kó oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare àti omi tútù sílẹ̀; wọn a fi tọ́ ọmọ lẹ́nu, wọn a sì ṣe ìwúre lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ṣùgbọ́n kí wọn tó dá orúkọ, wọn a kọ́kọ́ wo ilé. Bí bàbá àgbà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, wọn kò ní ṣe bí ẹni pé òfò kò ṣẹ̀. Babátúndé ni wọn yóò sọ ọmọ náà. Bí ẹkún bá ti pọ̀ jù nínú ilé náà, Rẹ̀mílẹ́kún ni wọn yóò pè é. Ẹ kíyèsí i pé nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀, òtítọ́ nípa ohun tí ó ti kọjá àti ìrètí nípa ohun tí ń bọ̀ ni wọ́n ń gbé pọ̀. Ẹni tí ó pe ọmọ ní Rẹ̀mílẹ́kún ti jẹ́wọ́ pé òun sunkún; ó sì ti sọ pẹ̀lú pé ẹkún náà kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀.

Ní òde òní, àṣà kan ti wọ àárín wa pé kí á máa sọ ọdún lórúkọ bí ẹni sọ ọmọ. Ẹnì kan a ní ọdún ìgbéga òun ni. Ẹlòmíràn a ní ọdún ìkórè òun ni. A ń kọ ọ́ sára aṣọ, a ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó ń fẹ́ ire fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ni ó ń kọ mí lóminú: a ń sọ orúkọ náà láìwo ilé. Orúkọ tí ẹnì kan fún ọdún bí ẹni pé òun nìkan ni ó ni ọdún, tí kò sì rántí ẹkún aládùúgbò rẹ̀, orúkọ náà kò tíì pé.

Ilé wo ni kí á wò? Ayé tí Ọlọ́run dá ni. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, àwọn ọmọ ogun Sudan kọjú ìbọn sí ara wọn, a sì lé ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ kúrò ní ilé wọn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni ìpànìyàn ní Ísírẹ́lì àti ogun Gásà tẹ̀lé e. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀nà jìn, kò kàn wá. Nígbà tí ogun dé Ukraine, ilẹ̀ tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń ta àlìkámà púpọ̀ fún ayé, ṣé owó búrẹ́dì kò gòkè ní ọjà wa? Àwọn baba wa kò parọ́ nígbà tí wọ́n wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru.

Ìbéèrè ìyá kan

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí kò jìnnà rárá. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn apànìyàn wọ Ìjọ Francis Mímọ́ ní ìlú Ọ̀wọ̀, nígbà tí Mísà ń lọ sí òpin, wọ́n sì pa ènìyàn tí kò dín ní ogójì, àgbà àti ọmọdé. Ní ọjọ́ tí a ń tọrọ pé kí Ẹ̀mí Mímọ́ sọ̀kalẹ̀ bí iná, ìbọn àti àdó olóró ni ó sọ̀kalẹ̀ sórí àwọn ará wa.

Lẹ́yìn ìgbà náà, ìyá àgbàlagbà kan tí ó ní ẹbí ní Ọ̀wọ̀ wá bá mi lẹ́yìn Mísà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì tètè dìde. Ó ní, “Fadá, ẹ má bínú sí mi. Ní ọdọọdún ni ẹ ń ní kí á gbàdúrà fún àlàáfíà ayé, àwa náà sì ń gbà á. Kí ni àdúrà náà ń ṣe?” Mo gbé e dìde, mo ní, “Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́.” N kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run fún ọdún púpọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, mo sì ti wàásù lórí ìjìyà nígbà púpọ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà ẹnu mi wúwo. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ìyá yìí ti ń bá mi gbé. Òun ni mo fẹ́ gbìyànjú láti dáhùn lónìí.

Ohun tí Màríà ṣe

Ìhìnrere tí a ń kà ní ọjọ́ ọdún tuntun, láti ọwọ́ Lúùkù Mímọ́, sọ fún wa pé nígbà tí àwọn olùṣọ́ àgùntàn dé ibùjẹ ẹran, wọ́n ròyìn ohun tí wọ́n gbọ́, ẹnu sì ya gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n Màríà ní tirẹ̀ pa ọ̀rọ̀ wọ̀nyí mọ́, ó ń rò wọ́n nínú ọkàn rẹ̀. Àwọn kan gbọ́, wọ́n sì yà á ní ìyanu. Ìyàlẹ́nu náà sì tán síbẹ̀. Màríà gbọ́, ó sì fi ohun tí ó gbọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí ó ti mọ̀ nípa Ọlọ́run, kí ó lè mọ ohun tí yóò ṣe.

Ọ̀nà tí ó yẹ kí Krístẹ́nì gbà gbọ́ ìròyìn ayé nìyí. Lónìí, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ìròyìn ogun ti dé inú ẹ̀rọ tí ó wà ní àtẹ́lẹwọ́ wa. A gbọ́, ẹ̀rù bà wá, a fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, a sì gbàgbé. Èyí kì í ṣe ìrònú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìrètí. Ẹ jẹ́ kí á fi ìròyìn búburú sí ẹ̀gbẹ́ ohun mẹ́ta tí ó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Ìkínní: Ogun Kírìjì. Ní ọdún 1877 ni ogun yìí bẹ̀rẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀. Ìró ìbọn ńlá ni ó fún un ní orúkọ. Ọmọ Yorùbá ń pa ọmọ Yorùbá, ọdún mẹ́rìndínlógún sì kọjá kí gbogbo rẹ̀ tó parí ní ọdún 1893. Ọmọ tí a bí nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ti dàgbà tó ẹni tí ń gbé ìbọn kí ó tó parí. Kò mọ ohun tí à ń pè ní àlàáfíà. Àwọn òjíṣẹ́ kan ni ó ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàrin ibùdó méjèèjì, lára wọn sì ni àlùfáà méjì ti Ìjọ Áńgílíkà, Samuel Johnson àti Charles Phillips. Òtítọ́ ni pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó rán wọn ní èrè tirẹ̀ tí ó ń wá. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, a tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ó sì tún gba ọdún méje kí àwọn ọmọ ogun tó túká pátápátá. Lónìí, ọmọ Ìbàdàn ń fẹ́ ọmọ Èkìtì. Èmi fúnra mi ti so irú wọn pọ̀ níwájú pẹpẹ, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè ibùdó tí baba ńlá ẹnikẹ́ni wà.

Ìkejì: Àrùn ṣànpọ̀nná. Àwọn àgbà inú wa mọ̀ pé ní ayé àtijọ́ ẹnikẹ́ni kì í ṣàdéédé dárúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, mo ṣì ń rí àwọn àgbà tí àpá rẹ̀ wà ní ojú wọn. Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ti ìgbà náà, tí ó jẹ́ olórí ìjọba Soviet, jẹ́ ọ̀tá ara wọn, wọ́n sì ń kó bọ́ǹbù jọ de ara wọn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn àrùn yìí, wọ́n fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Láti ilé dé ilé, láti abúlé dé abúlé, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera rìn kiri, wọ́n ń gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní ọdún 1970 ni a rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ní 1977 ni ẹni ìkẹyìn kó o láàrin ìlú ní Sòmálíà. Ní 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò ní ayé. Àwọn ọmọ wa kò mọ̀ ọ́n mọ́, àfi nínú ìtàn.

Ìkẹta: Oṣù Kẹwàá ọdún 1962. Ní oṣù náà, ìjọba Soviet kó ohun ìjà átọ́míìkì lọ sí erékùṣù Kúbà, níbi tí àtọmọdọ́mọ àwọn ará wa tí a kó lẹ́rú ń gbé títí di òní. Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ ogun ká erékùṣù náà mọ́. Fún ọjọ́ mẹ́tàlá, ayé dúró ní etí kòtò. Póòpù Jòhánù Kẹtàlélógún nígbà náà jẹ́ ẹni ọgọ́rin ọdún, àrùn jẹjẹrẹ tí yóò pa á sì ti wà ní inú rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, ó sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó bẹ àwọn olórí pé kí wọn má ṣe di etí wọn sí igbe ayé tí ń tọrọ àlàáfíà. Ní ọjọ́ 28, ìjọba Soviet kéde pé òun yóò kó àwọn ohun ìjà náà kúrò. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ Póòpù nìkan ni ó ṣe é. Àwọn olórí náà bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi nǹkan sílẹ̀ fún ara wọn. Ṣùgbọ́n arúgbó aláìsàn yìí kò sọ pé ọ̀rọ̀ náà ju òun lọ. Ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1963, ó fi ìwé Pacem in Terris ránṣẹ́, kì í ṣe sí àwa Àgùdà nìkan, bí kò ṣe sí gbogbo ènìyàn tí ó ní inú rere. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tí ó kú. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, àwọn ìjọba ńlá tọwọ́ bọ àdéhùn pé àwọn kò ní dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò mọ́ ní òfurufú. Ní ọdún 1986, bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ tí ó wà ní ayé ju 60,000 lọ. Ní ìgbà tiwa yìí ó ti dín kù dé bí 12,000. Èyí tí ó kù ṣì tó pa ayé run, kò sì yẹ kí á sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ pé nǹkan kò lè yí padà, kò sọ òtítọ́.

Ìdáhùn sí ìyá wa

Ǹjẹ́, kí ni àdúrà ń ṣe? Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí n sọ ni ohun tí kò ṣe. Kò mú àwọn ará wa ní Ọ̀wọ̀ padà. Kò ṣèlérí fún wa pé ọdún yìí yóò tuba, yóò tùṣẹ fún gbogbo ènìyàn. Ìrètí tí Krístì kọ́ wa kì í ṣe àfọ̀ṣẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ kẹjọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Orúkọ tí a sọ ọmọ náà ni Jésù, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé Olúwa ń gbani là. Ní ọjọ́ kan náà tí a sọ Ọ́ ní orúkọ yìí ni a kọ Ọ́ ní ilà, tí ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ kọ́kọ́ kán sílẹ̀. Orúkọ ìgbàlà àti ẹ̀jẹ̀ dé papọ̀. Ọlọ́run kò dúró ní òkèèrè kí ó máa wo bí a ti ń pa wá. Ó wọ inú ilé ẹkún wa, Ó sì gba ara tí ọ̀bẹ lè gé. Nítorí náà, nígbà tí a ń gbàdúrà fún àlàáfíà, ẹni tí ó mọ ọgbẹ́ ni à ń bá sọ̀rọ̀. Àdúrà náà sì ń ṣiṣẹ́ lára ẹni tí ń gbà á: kì í jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ dàbí ọkàn apànìyàn, ó sì ń rán an níṣẹ́, bí ó ti rán arúgbó Póòpù níṣẹ́.

Mo rí ẹ̀rí èyí lára ìyá náà fúnra rẹ̀. Èmi kò dá a lóhùn. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, ó wà ní ibi tí ó máa ń jókòó sí. Nígbà tí a sì dé ibi àdúrà fún àlàáfíà, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láàrin àwọn tí ń dáhùn.

Iṣẹ́ tí ó wà ní ọwọ́ wa

Nínú ìwé rẹ̀, Póòpù Jòhánù kọ́ wa pé orí òpó mẹ́rin ni àlàáfíà dúró lé: òtítọ́, òdodo, ìfẹ́ àti òmìnira. Òpó kan náà ni ó gbé ilé ayé àti ilé wa ró.

Òtítọ́. Bí a bá fi ìròyìn ránṣẹ́ sí yín tí ń sọ pé ẹ̀yà kan tàbí ẹlẹ́sìn kan ń bọ̀ wá pa yín, ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ síwájú títí ẹ ó fi mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣáájú ìbọn.

Òdodo. Ẹ san owó òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ tí ẹ dá fún un. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ má ṣe tẹ ìdí kọ́ńgò sókè. Ẹni tí ń rẹ́ aládùúgbò rẹ̀ jẹ kò ní ẹnu láti bá àwọn alágbára ayé wí.

Ìfẹ́. Ẹnì kan wà tí ìwọ kò bá sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọdún èṣí. Kí Lẹ́ńtì tó dé, kí ẹsẹ̀ rẹ dé ilé rẹ̀. Ibùdó méjèèjì Kírìjì kò parí ìjà láìsí ẹni tí ó rìn láàrin wọn.

Òmìnira. Nígbà tí ìbò bá dé, ẹ má ṣe ta tiyín, ẹ má sì ṣe dẹ́rù ba ẹlòmíràn nítorí tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ-ọ̀dọ̀ ilé yín rí àyè wá sí Mísà, kí ó sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Fún àṣàrò nínú ilé yín ní ìrọ̀lẹ́ òní: Ìròyìn wo ni mo gbọ́ ní ọdún èṣí tí n kò rò nínú ọkàn mi? Ta ni mo jẹ ní gbèsè, yálà owó tàbí ọ̀rọ̀ ìdáríjì? Ilẹ̀ wo, láàrin àwọn tí ogun dé, ni ìdílé wa yóò máa dárúkọ nínú Rósárì ní gbogbo oṣù yìí?

Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí Póòpù Leo Kẹrìnlá kọ́kọ́ jáde sí gbangba níwájú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, àlàáfíà ni ọ̀rọ̀ tí ó fi kí wọn. Kíkí náà ni Krístì tí ó jíǹde kí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Rẹ̀, nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí nítorí ìbẹ̀rù.

Orúkọ wo, nígbà náà, ni a ó sọ ọdún tuntun? Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni a pè láti dá orúkọ, lẹ́yìn tí mo ti wo ilé, Rẹ̀mílẹ́kún ni n óò sọ ọ́: nítorí Ọ̀wọ̀, nítorí Sudan, nítorí gbogbo ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò padà wálé. A kò fi ẹkún náà pamọ́, a sì gbàgbọ́ pé a óò rẹ̀ wá lẹ́kún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dá orúkọ yìí gbọ́dọ̀ ṣe tán láti jẹ́ ẹni tí a óò rán lọ rẹ ẹlòmíràn lẹ́kún.

Kí Màríà, Ìyá Ọlọ́run, kọ́ wa láti ronú; kí Jésù, tí a sọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, gbà wá là; kí Ọlọ́run sì fi àlàáfíà Rẹ̀ bo ilé yín, bo ilẹ̀ wa, bo gbogbo ayé. Àmín.